Òpin Ọ̀sẹ̀ Olùkọ́ ní Ìlú Pánámà: Èdè Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lẹ́nu Baba Ni Wọ́n Ń Fi Owó Kọ́ Ọmọ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá rí oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Òwe yìí bá olùkọ́ tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè wí ju ẹnikẹ́ni lọ. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, òun ni ó ń dúró níwájú pátákó tí ó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú, ipò a yí padà: ìlú a di olùkọ́, olùkọ́ a sì di akẹ́kọ̀ọ́. Ní ìlú Pánámà, tíí ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Ààrin Gbùngbùn Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì yìí kì í ṣe kékeré, pàápàá jù lọ fún ẹni tí òun tìkára rẹ̀ ń gbé láàrin àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Pánámà ni afárá tí ó so Àríwá Amẹ́ríkà mọ́ Gúúsù Amẹ́ríkà. Òkun Àtìláńtíìkì wà ní apá kan, Òkun Pàsífíìkì wà ní apá kejì, ilẹ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà-omi tí wọ́n gbẹ́ la àárín rẹ̀ kò gùn ju nǹkan bí kìlómítà 80 lọ. Èdè Sípéènì ni èdè ìjọba. Owó wọn ń jẹ́ balboa, ṣùgbọ́n owó onírin nìkan ni wọ́n ń rọ. Dọ́là Amẹ́ríkà ni owó bébà tí wọ́n ń ná lọ́jà. Ní ọdún 2003, ìjọba ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ilé-ìwé. Ní ọdún 2014, wọ́n tún dá ètò kan sílẹ̀ tí yóò sọ àwọn ọmọ ilé-ìwé ìjọba di elédè méjì. Ìdí nìyí tí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì láti òkèèrè kì í fi í ṣe ẹni àpéwò níbẹ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ rìn yí ìlú ká yóò rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn mìíràn ní Pánámà, ìtàn tí kò sí nínú ìwé tí ó fi ń kọ́ni.

ÀWÓKÙ ÌLÚ ÀTIJỌ́

Ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ yà sí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Panamá Viejo, èyíinì ni Pánámà Àtijọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1519 ni Pedro Arias Dávila, gómìnà tí ọba Sípéènì rán wá, tẹ ìlú náà dó. Òun ni ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn ará Sípéènì dá sílẹ̀ sí etí Òkun Pàsífíìkì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wúrà àti fàdákà tí wọ́n ń kó láti ilẹ̀ Peru ni ó sọ ọ́ di ìlú ọlọ́rọ̀. Ọkọ̀ ojú omi a gbé ẹrù náà dé èbúté, a di ẹrù ìbaaka, ìbaaka a sì rù ú la igbó kọjá lọ sí etí Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ọkọ̀ mìíràn ti ń dúró dè é láti gbé e lọ sí Sípéènì.

Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni ó ń da àwọn ìbaaka wọ̀nyí. Àwọn náà ni ó ń gbẹ́ òkúta tí ó sì ń mọ ògiri. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbà fún kádàrá. Àwọn kan sá wọ igbó lọ, wọ́n sì tẹ ìletò tiwọn dó. Àwọn ará Sípéènì pè wọ́n ní cimarrón, èyíinì ni ìsáǹsá. Láàrin ọdún 1550 sí ọdún 1560, Bayano, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, bá àwọn ọmọ-ogun ọba jà títí ó fi sú wọn. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi rí i mú níkẹyìn. Orúkọ rẹ̀ kò parun. Odò ńlá kan àti adágún omi kan ń jẹ́ Bayano ní Pánámà títí di òní olónìí, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ìwé ìtàn nìkan ni a ti lè rí orúkọ ẹni tí ó mú un.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1671, Henry Morgan, ajalèlókun tí ìbẹ̀rù rẹ̀ kún gbogbo òkun Karibíà nígbà náà, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ ìlú náà. Wọ́n kó o lẹ́rù, iná sì jó o kanlẹ̀. Àwọn ará Sípéènì kò tún un kọ́ sí ojú kan náà. Ní ọdún 1673 ni wọ́n ṣí lọ sí orí ilẹ̀ kan tí ó yọ sínú òkun, tí ó tó kìlómítà 8 sí ibi ti àtijọ́, níbi tí odi ti rọrùn láti mọ. Àwókù ìlú àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀. Gogoro òkúta kàtídírà rẹ̀ dá dúró láàrin pápá, àwọn ilé alájà púpọ̀ ti òde òní sì ń kọ mànà lẹ́yìn rẹ̀.

ILÉ ÌJỌSÌN TÍ Ó DI ILÉ ÌṢẸ̀ǸBÁYÉ

Bí oòrùn bá ti kúrò lágbedeméjì ọ̀run, tí òùngbẹ bá sì ti gbẹ arìnrìn-àjò, kí ó má tíì padà sílé. Ní àdúgbò El Marañón, láàrin ìgboro, ilé pákó kan wà tí ẹni tí ń kánjú lè gbójú fò dá. Ilé ìjọsìn àwọn ọmọ erékùṣù Karibíà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Pánámà ni tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1980 ni wọ́n sọ ọ́ di Museo Afroantillano, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ti Jàmáíkà, Barbados, Martinique àti àwọn erékùṣù mìíràn wá. Kò tóbi, kò sì ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ tí ó fara balẹ̀ ti mọ àwọn tí ó fi ẹ̀jẹ̀ àti òógùn la ilẹ̀ Pánámà sí méjì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè wọ́n sí iṣẹ́. Ìpè kìn-ín-ní ni ti ojú irin tí wọ́n tẹ́ láti òkun dé òkun láàrin ọdún 1850 sí ọdún 1855, tí àwọn ará Ṣáínà náà bá wọn ṣe. Ìpè kejì ni ti àwọn Faransé. Ferdinand de Lesseps, ẹni tí ó darí gbígbẹ́ ọ̀nà-omi Suez, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pánámà ní ọdún 1881. Ó rò pé ohun tí ó ṣeé ṣe nínú iyanrìn Íjíbítì yóò ṣeé ṣe nínú igbó kìjikìji àti òkè olókùúta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibà pọ́njú àti ibà ẹ̀fọn pa òṣìṣẹ́ tí ó tó 20,000, owó tán, ilé-iṣẹ́ náà sì wó lulẹ̀ ní ọdún 1889.

Ìpè kẹta ni ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1903, Pánámà yapa kúrò lára Colombia pẹ̀lú àtìlẹyìn ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1904, Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà ṣe, ó sì gba ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 16 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà-omi náà fún àkóso tirẹ̀. Dókítà William Gorgas kọ́kọ́ gbógun ti ẹ̀fọn: wọ́n da epo sí ojú omi tí kò ṣàn, wọ́n fi àwọ̀n dí fèrèsé, wọ́n sì lé ibà pọ́njú lọ. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ́, àdó olóró àti ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1914 ni ọ̀nà-omi náà ṣí.

WÚRÀ ÀTI FÀDÁKÀ

Láti Barbados nìkan, erékùṣù kékeré yẹn, àwọn ọkùnrin tí ó sún mọ́ 20,000 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Àdéhùn wọn ni iṣẹ́ ọjọ́ 500. Owó ọ̀yà wọn sì ni sẹ́ǹtì 10 fún wákàtí kan. Àwọn ni ó ń gbé àdó olóró, àwọn ni òkè ń ya lù, àwọn ni ọkọ̀ ojú irin ń gé lẹ́sẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fi hàn pé ènìyàn tí ó lé ní 5,600 ni ó kú láàrin ọdún 1904 sí ọdún 1914, àwọn aláwọ̀ dúdú ọmọ erékùṣù sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Síbẹ̀, owó tí àwọn tí ó yè fi ránṣẹ́ sílé ra ilẹ̀, ó kọ́ ilé, ó sì rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Barbados fi fún un ní orúkọ tirẹ̀: “owó Pánámà”.

Ìwé méjì ni wọ́n ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí. Àwọn aláwọ̀ funfun ọmọ Amẹ́ríkà wà nínú ìwé wúrà, nítorí pé owó wúrà ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn. Àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ìwé fàdákà. Láti orí owó ni ìyàtọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ilé wúrà yàtọ̀ sí ilé fàdákà. Ilé ìtajà, ilé ìfìwéránṣẹ́, ilé-ìwé, àní ẹnu ẹ̀rọ omi mímu pàápàá, gbogbo wọn ni wọ́n pín sí méjì. Ẹni tí kò mọ̀wé ṣáà mọ ẹnu ọ̀nà tí ó yẹ kí òun gbà wọlé.

ÒFIN ỌDÚN 1941

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí erékùṣù wọn, àwọn mìíràn gba Cuba tàbí Amẹ́ríkà lọ; ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúró. Wọ́n ti fẹ́ ìyàwó, wọ́n ti bímọ, ilẹ̀ Pánámà sì ni wọ́n sin òkú wọn sí. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n dá ẹgbẹ́ àjùmọ̀ràn-ara-ẹni-lọ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dá ilé-ìwé kéékèèké sílẹ̀ tí olùkọ́ láti erékùṣù wọn ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1928, Sidney Young, ọmọ Jàmáíkà, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó pè ní Panama Tribune. Ẹni tí ó bá ti gbé ní ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ rí yóò mọ ohun tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́: kì í ṣe ìròyìn nìkan ni ènìyàn ń wá nínú rẹ̀, ohùn ilé ni ó ń wá.

Ohùn yìí kan náà ni ó wá di ẹ̀sùn sí wọn lọ́rùn. Ní ọdún 1941, lábẹ́ Ààrẹ Arnulfo Arias, Pánámà gbé ìwé òfin ilẹ̀ titun jáde. Òfin náà ka àwọn aláwọ̀ dúdú tí èdè àbínibí wọn kì í ṣe èdè Sípéènì mọ́ àwọn ẹ̀yà tí kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ náà wá gbé. Kò mọ sí orí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó gba ẹ̀tọ́ ọmọ-ìlú lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí a bí sí Pánámà gan-an, tí wọn kò mọ ilẹ̀ mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà kò kan gbogbo aláwọ̀ dúdú. Àwọn tí baba-ńlá wọn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ẹrú, tí wọ́n sì ń sọ èdè Sípéènì, kò sí nínú rẹ̀. Ẹnu ni wọ́n fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ọdún 1946 ni ìwé òfin mìíràn tó dá ẹ̀tọ́ wọn padà fún wọn.

Ọgbẹ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ó fi àpá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí pinnu nínú ọkàn wọn pé èdè Sípéènì nìkan ni àwọn yóò máa bá ọmọ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi ahọ́n ọmọ náà lé e jáde nílùú. Ní ọdún 1954, àwọn ilé-ìwé aláwọ̀ dúdú tí ó wà lórí ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Sípéènì kọ́ni. Olùkọ́ tí ó ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ di ẹni tí ń kọ́ èdè kí ó tó lè kọ́ni. Àwọn mìíràn nínú wọn sì gba ọ̀nà méjèèjì. George Westerman, ọmọ àwọn tí ó wá láti erékùṣù, tí ó jẹ́ akọ̀ròyìn ní Panama Tribune, fi kálámù jà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ títí ó fi di aṣojú orílẹ̀-èdè Pánámà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 1956.

ỌJỌ́ ÀÌKÚ NÍ CASCO VIEJO

Ní ọjọ́ Àìkú, Casco Viejo ni èrò ń wọ́ lọ. Ìyẹn ni ìlú kejì, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1673. Àjọ UNESCO sì ti kà á sí ohun àjogúnbá gbogbo ayé láti ọdún 1997. Títì rẹ̀ há, ilé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè bí ilé Ìsàlẹ̀-Èkó àtijọ́. Kàtídírà rẹ̀ gba ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó kọ́ ọ parí ní ọdún 1796. Póòpù Francis sì ya pẹpẹ rẹ̀ sí mímọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Nínú ilé ìjọsìn San José, pẹpẹ kan wà tí wọ́n fi wúrà bò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé wọ́n kun pẹpẹ náà ní dúdú kí Henry Morgan má baà mọ̀ pé wúrà ni. Àwọn onímọ̀ ń ṣe iyèméjì sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kò sí afinimọ̀nà tí yóò jẹ́ kí àlejò lọ láìgbọ́ ọ.

Lẹ́bàá ògiri odi, àwọn obìnrin ẹ̀yà Guna a tẹ́ aṣọ mola sílẹ̀ fún títà. Aṣọ alápèpadé-àwọ̀ ni: wọ́n a to aṣọ lé aṣọ, wọ́n a gé ti òkè kí àwọ̀ ti ìsàlẹ̀ lè yọ, wọ́n a sì fi abẹ́rẹ́ rán etí rẹ̀ wínníwínní. Kì í ṣe ọjà lásán ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba ń fi ipá mú obìnrin Guna láti bọ́ aṣọ yìí àti òrùka imú wọn, ẹ̀yà náà dìde ogun ní oṣù kejì ọdún 1925. Ìjọba gbà láti bá wọn ṣe àdéhùn, àwọn Guna sì ń ṣàkóso erékùṣù wọn fúnra wọn títí di òní. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mola lórí àtẹ sì ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín: fìlà Pánámà tí gbogbo ayé mọ̀, láti ilẹ̀ Ecuador ni ó ti wá. Nítorí pé ní Pánámà ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń rà á ni orúkọ náà fi mọ́ ọn lára.

Ebi kì í pa ọmọ ilẹ̀ wa ní ìlú yìí. Ọbẹ̀ sancocho, tíí ṣe ọbẹ̀ adìẹ tí gbogbo Pánámà fi ń yangàn, iṣu ni ó wà nínú rẹ̀. Ñame ni wọ́n ń pe iṣu náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tútù, wọ́n a dín in, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n a sì tún un dín. Ohun tí yóò sì ya àwọn ará Ẹ̀kìtì lẹ́nu ni òtílì, ẹ̀wà àwọn àgbà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ òde òní kò mọ̀ mọ́ nílé: ní Pánámà, ìrẹsì tí wọ́n fi òtílì àti omi àgbọn sè ni oúnjẹ ọlọ́lá ní ọjọ́ ọdún Kérésìmesì.

ÀSÍÁ LÓRÍ ỌNÀ-OMI

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó yẹ kí àlejò dé Miraflores, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń kọjá. Ọkọ̀ kì í kàn gba ibẹ̀ kọjá bí ẹní gba odò. Wọ́n a tì í mọ́ inú yàrá omi, wọ́n a jẹ́ kí omi kún, ọkọ̀ a sì gbéra sókè. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gun yàrá dé yàrá títí yóò fi dé adágún Gatún, tí ó fi mítà 26 ga ju òkun lọ, kí ó tó tún máa sọ̀ kalẹ̀ ní apá kejì. Omi òjò ni ó ń gbé gbogbo iṣẹ́ yìí ró. Nígbà tí ọ̀dá mú ní ọdún 2023, ńṣe ni wọ́n dín iye ọkọ̀ tí ń kọjá lójúmọ́ kù.

Àsíá Pánámà ni ó ń fẹ́ lókè ibẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé àsíá wọn lọ sí ilé-ìwé kan lórí ilẹ̀ tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso, kí wọ́n lè ta á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà. Àsíá náà ya, ìjà ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí tí ó lé ní 20 sì bọ́ nínú àwọn ará Pánámà. Ní ọdún 1977, Omar Torrijos àti Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1999, ọ̀nà-omi náà di ti Pánámà pátápátá. Ní ọdún 2000, òfin ya ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún sọ́tọ̀ lọ́dọọdún láti máa fi bọlá fún àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ náà, ti ìgbà ẹrú àti ti erékùṣù lápapọ̀.

Ọjọ́ Ajé kò ní í pẹ́ dé. Olùkọ́ yóò ṣí ìwé orúkọ, yóò sì máa pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìdílé àwọn kan yóò jẹ́ ti Sípéènì. Ti àwọn mìíràn yóò jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti gbé e wá láti Jàmáíkà àti Barbados. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì wọ̀nyí ni yóò máa kólòlò lórí ọ̀rọ̀ tí ìyá-ńlá wọn fi ń kọ orin ìsìn. Èdè tí òfin fi sọ baba-ńlá wọn di àjèjì ní ọdún 1941 ni ìjọba ń náwó lé lórí báyìí kí ọmọ-ọmọ wọn lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kánò, Jọ́ọ̀sì, Ṣókótó tàbí Port Harcourt ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún yín láti túmọ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ọmọ má gbọ́ èdè ìlú tí ó ń gbé. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ọjà kò lè ná ọjà. Westerman gbọ́ méjèèjì, méjèèjì sì ṣe é láǹfààní. Èdè tí a bá sì fi sílẹ̀ nílé, kì í béèrè owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí tí ó bá ń fi í sùn, tí ó ń fi í jí. Ìgbà tí a bá tó fi í ṣòfò tán ni ó ń di ohun tí à ń wá olùkọ́ fún.